Jẹ́-n-wò-ó àti Ẹ̀rọ Ìfọṣọ Tí Àbúrò Ọkọ Rẹ̀ Tà Fún Un

Àwọn olùtajà àdúgbò wa ló sọ obìnrin alágbàfọ̀ tó ń gbé ní ìsàlẹ̀ ilé wa ní Jẹ́-n-wò-ó, wọn ò sì fìfẹ́ sọ ọ́ lórúkọ náà. Kò sí ohun tó fẹ́ rà tí kì í kọ́kọ́ yí síwá yí sẹ́yìn. Bó bá mú agolo, á dorí ẹ̀ kodò, á wá ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ lára ẹ̀. Bó bá jẹ́ gílóòbù iná ni, wọ́n gbọ́dọ̀ tàn án lójú ẹ̀ kó tó sanwó. Oníṣọ́ọ̀bù kan tiẹ̀ rí i lókèèrè lọ́jọ́ kan, ó sáré tilẹ̀kùn, ó ní òun fẹ́ jẹun. Jẹ́-n-wò-ó jókòó sórí àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀bù náà títí onítọ̀hún fi jẹun tán, ó wọlé, ó sì yẹ ọjà ẹ̀ wò bó ṣe máa ń ṣe.

Kì í ṣe ahun. Ọṣẹ ti bó o lọ́wọ́ láti ìgbà tó ti wà lọ́mọge, tó ń fọṣọ láti ilé dé ilé. Ẹni tó bá fi awọ ọwọ́ ara ẹ̀ wá owó kì í ná an bí ẹni da omi nù. Ohun tí ò jẹ́ kí wọ́n fẹ́ràn ẹ̀ náà ni pé ẹnu ẹ̀ mú. Bó bá rí i pé olùtajà kan fẹ́ rẹ́ ẹnìkan jẹ, kì í wo ti pé kì í ṣe owó òun. Á dá sí i, á sì dá sí i sókè.

Nígbà tí ọrùn ọwọ́ ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, tí dókítà sì ní kó má fún aṣọ mọ́, ó pinnu láti ra ẹ̀rọ ìfọṣọ. Àbúrò ọkọ ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ńlá tó ti ń ta irú ẹ̀ lójú títì. Jẹ́-n-wò-ó fẹ́ rà á níbòmíì, àmọ́ ọkọ ẹ̀ yarí. Ó ní kí ni wọ́n fẹ́ lọ wá lọ́dọ̀ àlejò nígbà tí ọmọ ìyá òun ń tajà, ṣé káyé máa bi òun pé ìjà wo ló wà láàárín wọn ni. Àbúrò yìí ti wà nílé kí Jẹ́-n-wò-ó tó wọlé ọkọ, torí náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé obìnrin náà dàgbà jù ú lọ, "ọkọ mi" ló ń pè é, ó sì máa ń kúnlẹ̀ kí i.

Ọkùnrin náà gbé ẹ̀rọ wá fúnra ẹ̀, nínú páálí tí wọ́n lẹ̀ pa yíká. Ó ní tuntun ni, pé inú ọkọ̀ òkun ló ti bọ́ sílẹ̀. Jẹ́-n-wò-ó ní kí wọ́n jẹ́ kí wọ́n fi omi sí i, kí wọ́n tanná sí i, kóun rí bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ìyá ọkọ ẹ̀, tí wọ́n wá bá wọn yọ̀, wò ó láti òkè délẹ̀. Wọ́n béèrè pé ṣé ọmọ àwọn náà ló fẹ́ yẹ̀ wò bí ẹja ọjà. Ló bá fọwọ́ sẹ́yìn. Nígbà tó béèrè rìsíìtì, àbúrò ọkọ rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé àwọn ti wá di àjèjì síra àwọn ni. Jẹ́-n-wò-ó gbé ìyẹn náà mì. Ọkọ ẹ̀ ti fi owó ránṣẹ́ láti báńkì.

Kò pẹ́ tí aṣọ fi bẹ̀rẹ̀ sí í jáde pẹ̀lú àbàwọ́n pupa rúsúrúsú. Omi ló kọ́kọ́ dá lẹ́bi, lẹ́yìn náà ó dá ọṣẹ lẹ́bi. Nígbà tí aṣọ funfun nọ́ọ̀sì kan, oníbàárà ẹ̀ àtayébáyé, jáde bí ẹni pé wọ́n fi gbá ilẹ̀, kò rí nǹkan míì dá lẹ́bi mọ́ ju ẹ̀rọ náà lọ. Nọ́ọ̀sì náà ò pariwo. Ó kàn ju aṣọ náà sórí tábìlì, ó ní òun rò pé alágbàfọ̀ lòun gbé e fún. Jẹ́-n-wò-ó ra aṣọ tuntun rọ́pò ẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ìyẹn gba aṣọ lọ, kò sì padà wá mọ́ títí dòní.

Ó pe ọkùnrin kan tó ń tún ẹ̀rọ ṣe. Atúnṣe náà ṣí ẹ̀yìn ẹ̀rọ, gbogbo wa tó wà níbẹ̀ la sì rí i: ara ẹ̀ ti dógùn-ún, wọ́n kàn fi ọ̀dà bò ó mọ́lẹ̀ ni. Ó tún fa nǹkan kan yọ tó há sẹ́nu páìpù. Ìbọ̀sẹ̀ ọmọ ọwọ́ ni. Àbíkẹ́yìn Jẹ́-n-wò-ó ti ń fá irùngbọ̀n.

Ó fọ ìbọ̀sẹ̀ yẹn, ó sá a, ó gbẹ, ó wá mú un lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Èmi ni mo tẹ̀ lé e. Èrò pọ̀ níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, wọ́n ń wo firíìjì àti fáànù. Lára ògiri, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé ọjà tí wọ́n bá ti tà, wọn kì í gbà á padà. Àbúrò ọkọ rí i, ó ṣe bí ẹni tó rí ẹbí, ó ní, "Ìyàwó wa, ẹ káàbọ̀. Ẹ jẹ́ ká wọnú ọ́fíìsì."

Jẹ́-n-wò-ó ò kúnlẹ̀. Ó ní, "Mi ò wá bí ìyàwó yín lónìí. Oníbàárà ni mí. Ẹ̀rọ àlòkù lẹ kùn lọ́dà tẹ́ ẹ tà fún mi ní tuntun."

Ọkùnrin náà yí ojú padà. Ó ní ta ló mọ ibi tí wọ́n ti he ìbọ̀sẹ̀, pé obìnrin tí ò mọ bí wọ́n ṣe ń lo ẹ̀rọ ló máa ń bà á jẹ́, ó sì nawọ́ sí ìkọ̀wé ara ògiri. Jẹ́-n-wò-ó yíjú sí àwọn tó ń rajà, ó ní kí wọ́n má sanwó páálí kankan tí wọn ò bá ṣí lójú wọn, kí wọ́n sì gba rìsíìtì tí wọ́n kọ "tuntun" sí. Ó wá ní kí ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù ṣí páálí kan péré, èyí tó bá wù ú, kí gbogbo ayé rí i.

Kò ṣí i. Ọkùnrin kan tó ti mú owó jáde dá a padà sápò, ó jáde. Obìnrin kan tẹ̀ lé e. Ìgbà yẹn ni àbúrò ọkọ sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ pé kí wọ́n gbé Jẹ́-n-wò-ó jáde. Wọ́n fà á lápá, bàtà ẹ̀ kan bọ́ sínú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n sì jù ú lé e lórí.

Nílé, wọn ò bi í bóyá ó fara pa. Ìyá ọkọ ti débẹ̀ ṣáájú wa. Wọ́n ní ó ti ta ọmọ àwọn lọ́jà, pé kí nìyàwó rere ń wá láàárín títì. Ọkọ ẹ̀ jókòó, ó ń wo ẹsẹ̀ ara ẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé ó fẹ́ lọ sí ọ́fíìsì ìjọba tó ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn oníbàárà, ìyá ọkọ dìde.

"A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́," ni wọ́n wí.

"Ìyá, tí a ò bá lọ ńkọ́," ni Jẹ́-n-wò-ó fèsì, "ṣé ọ̀rẹ́ la ń ṣe báyìí?"

Ó lọ. Obìnrin àgbàlagbà kan ló wà nídìí tábìlì níbẹ̀, kò sì rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i. Ó béèrè rìsíìtì, Jẹ́-n-wò-ó ní wọn ò fún òun. Obìnrin náà pòṣé, ó ní àárín ẹbí ló ti máa ń rí báyẹn jù, àwọn lèèyàn ń tijú láti béèrè rìsíìtì lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ó ní owó tó gba báńkì kọjá ní ẹ̀rí lẹ́yìn, atúnṣe sì lè jẹ́rìí sí ohun tó rí. Ó ní kò sí ìkọ̀wé ara ògiri tó lè gba ẹni tó pe àlòkù ní tuntun.

Wọ́n ránṣẹ́ sí àbúrò ọkọ. Ó wá, ó jókòó, ó dá owó náà padà láìwo ẹnikẹ́ni lójú. Nígbà tí wọ́n jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ní, "Má fẹsẹ̀ tẹ ilé mi mọ́."

Jẹ́-n-wò-ó ní, "Mo gbọ́." Kò fi "ọkọ mi" kún un.

Ṣọ́ọ̀bù mìíràn ló ti ra òmíràn. Wọ́n fi omi sí i, wọ́n tanná sí i, ó dúró tì í títí ó fi fọ aṣọ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, bó ti wù kí olùtajà pòṣé tó. Aṣọ ń jáde ní funfun báyìí, iṣẹ́ sì ń wọlé. Inú ilé ni nǹkan ò ti gún. Ọkọ ẹ̀ máa ń gbé oúnjẹ ẹ̀ lọ jẹ ní yàrá. Ìyá ọkọ kì í pè é ní ìyàwó wa mọ́. Alágbàfọ̀ yẹn ni wọ́n ń pè é.

Lóṣù tó kọjá, ìyá náà ra ẹ̀rọ ìlọta lọ́wọ́ ẹnìkan, kò sì lọ nǹkan kan. Wọ́n fi rán ọmọ wọn, ọkọ Jẹ́-n-wò-ó, sí i pé kó bá wọn wá bí wọn ó ṣe gba owó wọn padà. Ọkọ gbé e ka orí tábìlì ìlọṣọ. Jẹ́-n-wò-ó ò gbójú sókè lórí aṣọ tó ń lọ̀. Ó ní kí màmá wá bá òun sọ ọ́ fúnra wọn.

Wọn ò tíì wá. Ẹ̀rọ ìlọta náà ṣì wà lórí tábìlì, ó ń gba ibi tó yẹ kí aṣọ wà.