Káàdì Tó Ń Dáhùn Fún Díìsìkì Mẹ́rin

Òórùn ọ̀dà ló máa ń kọ́kọ́ pàdé èèyàn nílé yẹn, kó tó di pé o gun àtẹ̀gùn. Ìsàlẹ̀ ni Alájà ti ń ta ọ̀dà, lójú ọ̀nà tó ti ìhà Ayépé wọ Ìjẹ̀bú-Òde. Lókè, nínú yàrá kékeré kan tí fèrèsé rẹ̀ kì í ṣí tán, ni ẹ̀rọ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ wà. Kọ̀ǹpútà ńlá ni, irú èyí tí wọ́n ń pè ní sáfà, tòkunbọ̀, ó ń kùn bí oyin, ooru rẹ̀ sì gba gbogbo yàrá. Inú rẹ̀ ni ohùn bàbá Alájà wà. Àáfà àgbà ni bàbá náà nígbà ayé rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ṣe wáàsí lóṣù ààwẹ̀, ní èdè Ìjẹ̀bú tó dùn débi pé àwọn tí kì í ṣe Mùsùlùmí pàápàá a máa dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́sálásí láti gbọ́. Ọmọkùnrin rẹ̀ tó kéré jù, tí ìyàwó kejì bí, ló ń kó àwọn wáàsí náà láti inú kásẹ́ẹ̀tì sínú sáfà. Olùkọ́ ilé kéú ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Alájà ni àkọ́bí, ìyálé ló bí i, òun ló sì ránṣẹ́ pè mí, torí pé kọ̀ǹpútà ni mò ń tún ṣe nígboro. Kò tiẹ̀ jẹ́ kí n jókòó tán. “Wọ́n ń gé ọ̀rọ̀ bàbá mi,” ló wí. Ó fi ọ̀kan lára àwọn wáàsí náà sí i. Bàbá ń sọ nípa ọkùnrin tó ní ju ìyàwó kan lọ, bó ṣe yẹ kó ṣe déédéé láàárín àwọn ọmọ. Bó ṣe fẹ́ sọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà já sí, ohùn rẹ̀ há, nǹkan kan dún pàù, ó sì ti bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn. “Ṣó o gbọ́ ọ? Ibi tó ti fẹ́ sọ òótọ́ gan-an ló já. Ta ló sì ń mú kọ́kọ́rọ́ yàrá yìí lọ́wọ́? Àbúrò mi yẹn nìkan. Wálláhì, bó o bá ti fìdí ẹ̀ múlẹ̀ fún mi, lẹ́yìn Jímọ̀ tó ń bọ̀ níwájú ẹbí, òun àti ìyá ẹ̀ á kó ẹrù wọn lọ sí Ibefun tí ìyá ẹ̀ ti wá.”

Ìwọ náà kúkú mọ̀ mí. Ọkọ mi máa ń sọ pé bí wọ́n bá fún mi lómi mu, màá kọ́kọ́ béèrè ẹni tó pọn ọ́n. Ìfura loògùn àgbà, mo sì ti ń lo oògùn yẹn kí n tó dàgbà. Mo fura sí Alájà: bí wọ́n bá lé ìyá àti ọmọ yẹn lọ, ta ni yóò gba yàrá wọn? Mo tún fura sí àbúrò rẹ̀. Nígbà tí mo bi í bóyá òun ló gé wáàsí náà, ohun tó sọ ò ju pé, “Mi ò gé nǹkan kan, mà. Ẹ bá mi wo ẹ̀rọ náà dáadáa.” Ẹni tí wọ́n fẹ́ lé kúrò nílé bàbá rẹ̀, kí ló dé tí kò bínú? Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀ yẹn gan-an kò tẹ́ mi lọ́rùn.

Mo jókòó ti ẹ̀rọ. Sọ́fítíwíà tó ń tọ́jú àwọn wáàsí náà ní àṣà kan tó dára: ohunkóhun tó bá fi pamọ́, á sàmì sí i, bó bá sì tún fẹ́ mú un jáde, á kọ́kọ́ wo àmì náà. Bí èèyàn bá fọwọ́ ara rẹ̀ gé wáàsí, sọ́fítíwíà á sàmì tuntun sí i ni, kò ní í pariwo. Ṣùgbọ́n lórí èyí tó já yìí, ariwo ló ń pa: ohun tí mo fi pamọ́ kọ́ nìyí! A jẹ́ pé ìsàlẹ̀ sọ́fítíwíà ni nǹkan ti bàjẹ́, níbi tí ọwọ́ ọmọ aráyé kì í sábà dé. Mo wá ní kí n wo àwọn díìsìkì tí wáàsí náà wà lórí wọn, mẹ́rin ni wọ́n. Ẹyọ kan ni mo rí. Káàdì kan wà láàárín, èyí tí wọ́n ń pè ní RAID, ó ti di mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, òun nìkan ló sì ń dáhùn fún gbogbo wọn. Sọ́fítíwíà tó yẹ kó mú èyí tó dára láti ara díìsìkì kan kó fi tún ti ìkejì ṣe, kò rí wọn, igbe nìkan ló lè ké. Mo bi káàdì náà léèrè, ó ní àlàáfíà ni. Mo gba ọ̀nà mìíràn bi í, ó tún ní àlàáfíà ni. Ara mi ò gbà á. Kò sí ilé tí ara gbogbo èèyàn le tó bẹ́ẹ̀.

Mo bá tú ẹ̀rọ náà. Bátìrì kékeré tó wà lára káàdì yẹn ti wú, ó ti kú tipẹ́. Ṣé o rí i, bí wọ́n bá gbé wáàsí fún káàdì náà, á ní òun ti kọ ọ́ sórí díìsìkì, nígbà tó ṣì wà lọ́wọ́ òun fúnra rẹ̀. Bátìrì yẹn ló yẹ kó bá a dì í mú bí iná bá lọ. O sì mọ iná tiwa. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá mú un lọ nígbà tí àbúrò Alájà ń ṣiṣẹ́, ohun tó wà lọ́wọ́ káàdì á ṣègbé, kò sì ní í sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo gbọ́ àwọn wáàsí mìíràn tí sọ́fítíwíà ń ké lé lórí. Èyí tó dá lórí àlùwàlá já, ti sàká náà já. Kò sẹ́ni tó bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìwọ̀nyẹn.

Lẹ́yìn Jímọ̀, mo ṣàlàyé fún ẹbí ní pálọ̀. Alájà fò dìde. “Ẹ̀rọ lè purọ́ báyìí? Ta ló wá ra irú ẹrù bẹ́ẹ̀ wọlé?”

Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ nínú ẹbí pé Alájà fúnra rẹ̀ ló lọ rà á l'Ékòó. Wọ́n sọ fún mi lẹ́yìn náà pé àbúrò rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ nígbà yẹn pé kó ra èyí tí kò ní káàdì agbẹnusọ láàárín, ṣùgbọ́n Alájà ní ẹni tó tà á ti búra fún òun pé èyí ló lágbára jù. Mo rí i tí ojú rẹ̀ yí padà, ó ti rántí. Ìyá àbúrò rẹ̀ la ẹnu láti sọ̀rọ̀, ọmọ rẹ̀ sì fọwọ́ kàn án lórúnkún.

“Gbogbo wa la rà á, ẹ̀gbọ́n mi,” ó wí. “Ẹ jẹ́ ká máa wá bá a ṣe máa tún un ṣe.”

Alájà wò ó títí, ó fa ìborùn rẹ̀ síwájú. “Kásẹ́ẹ̀tì bàbá wa ńkọ́?” ló béèrè, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Kò dárúkọ Ibefun mọ́.

Mo yọ káàdì náà, mo fi èyí tí kì í dá sí ọ̀rọ̀ àwọn díìsìkì rọ́pò rẹ̀, kí kálukú wọn lè máa sọ ti ara rẹ̀. Àbúrò Alájà tún àwọn wáàsí tó bàjẹ́ kó láti ìbẹ̀rẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì díẹ̀ ti bu, èyí tó dá lórí ọ̀rọ̀ àwọn ìyàwó yẹn sì wà lára wọn, nítorí náà a ò ní í mọ ohun tí bàbá fẹ́ sọ láéláé. Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni tó bá ń dáhùn fún àwọn ẹlòmíràn pé àlàáfíà ni, mo máa ń ní kí n rí àwọn ẹlòmíràn náà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí àbúrò Alájà sọ ní pálọ̀, pé gbogbo wọn ló rà á, mo ti yí i síwá, mo ti yí i sẹ́yìn, mò ń wá èrè tó fẹ́ jẹ níbẹ̀, mi ò rí i. Ó tiẹ̀ ń bí mi nínú díẹ̀. Mi ò mọ ohun tí èèyàn lè ṣe sí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ju pé kó gbà á gbọ́.