Òkúta Ẹni Tó Borí

Òórùn bẹntiróòlù àti àkàrà gbígbóná ni mo fi máa ń mọ àárọ̀ ọjọ́ ilé-ìwé. Mọ́mì á máa dín àkàrà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, Dádì á máa tẹ ọkọ̀ rẹ̀ kó lè gbóná, èéfín méjèèjì á sì pàdé lórí okùn aṣọ. Láàárín èéfín yẹn ni àwa mẹ́ta ti máa ń jà. Ìjà kan náà ni lójoojúmọ́: ta ni yóò jókòó síwájú?

Èmi Dúpẹ́, ọmọ onílé, mo gbà pé iwájú ọkọ̀ bàbá mi, tèmi ni. Akin, ọmọ ẹ̀gbọ́n Mọ́mì tí wọ́n mú wá láti Oǹdó kó lè máa bá wa gbé, ní òun ni ọkùnrin. Ràṣídì, ọmọ aládùúgbò wa tí àwọn òbí rẹ̀ ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá ń ta aṣọ l'Ọ́jà Ọba, kì í ro ẹjọ́ kankan ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n òun ló máa ń kọ́kọ́ dé ẹnu ilẹ̀kùn ọkọ̀.

Ẹ ó rántí pé láyé ìgbà yẹn, ẹni tó bá ti ní díìṣì lórí òrùlé, ilé rẹ̀ ti di ilé gbogbo àdúgbò. Dádì ní in. Àwọn ọkùnrin ń wá wo bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n eré ọkọ̀ ni Dádì ń wò ní tirẹ̀. Kì í ṣe ti àwọn ọkọ̀ pẹlẹbẹ tí kò lórùlé o. Ọkọ̀ onílẹ̀kùn mẹ́rin ni, irú èyí tí olùkọ́ ń gbé lọ síbi iṣẹ́, tí wọ́n kùn ní oríṣiríṣi àwọ̀, tí wọ́n sì ń fi gbá ara wọn nídìí láti orílẹ̀-èdè kan dé òmíràn. Oṣù yìí Ítálì, oṣù tó ń bọ̀ Bùràsíìlì. Dádì á fò dìde lórí àga, á máa pariwo, "Tẹ̀ ẹ́! Tẹ̀ ẹ́ pa!" Bẹ́ẹ̀, ọkùnrin kan náà yìí ni alùpùpù tó so ewúrẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ń já sílẹ̀ lójú ọ̀nà Oǹdó. Mo rántí ewúrẹ́ kan tó yíjú padà, tó ń wò wá títí wọ́n fi wọ kọ́nà. Bí a bá ráhùn, Dádì á ní, "Ohun a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́." Bí a bá tún ráhùn, á pa òwe ẹni tí àmúkùrù bà lé lẹ́pọ̀n, pé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló ń lé e, Mọ́mì á sì ké mọ́ ọn pé, "Bàbá Dúpẹ́, àwọn ọmọ ń gbọ́ o!"

Nígbà tí ìjà wa sú Dádì, ó pè wá jọ. Ó ní a ó dá ìdíje àgbáyé tiwa sílẹ̀, ẹni tó bá gba ife-ẹ̀yẹ ni yóò jókòó síwájú fún gbogbo táàmù tó ń bọ̀. Àgbáyé wa ò ju ìlú mẹ́ta lọ: Àkúrẹ́ tèmi, Oǹdó ti Akin, Ògbómọ̀ṣọ́ ti Ràṣídì. Kẹ́ẹ̀gì òróró tí a là lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni ọkọ̀ wa, sílípáàsì tó ti gbó la gé ṣe táyà, okùn la fi ń fà á sáré. Ife-ẹ̀yẹ ni kọ́ọ̀pù tánganran tí Dádì fi ń bu omi fá irùngbọ̀n.

Mo lẹ́sẹ̀ gígùn. Mo borí, mo tún borí. Akin bú sẹ́kún. Ni Dádì bá yọ òfin kan jáde láti inú tẹlifíṣọ̀n: lọ́hùn-ún, ọkọ̀ tó bá ń borí, wọ́n á di ẹrù kún un kó tó tún sáré, kí àwọn tó kù lè rí i bá. Ó ṣa òkúta, ó kó o sínú kẹ́ẹ̀gì mi. "Ẹni tó bá borí là ń di ẹrù lé," ló wí.

Mo ní, "Dádì, kí ni mo ṣe?"

Ó ní, "O borí."

Inú bí mi débi pé mi ò jẹ àkàrà lọ́jọ́ náà. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo jẹ ti ọjọ́ méjì pọ̀.

Bí mo bá borí, òkúta á pọ̀ sí i. Bí òkúta bá pọ̀, mà á fìdí rẹmi. Nígbà tí họlidé fi dé, a ti bára wa dọ́gba. Ó wá ku àṣekágbá, ìyẹn sì di Oǹdó, nílé Màmá Oǹdó, ìyá Mọ́mì. Dádì ló gbé wa lọ. Iṣẹ́ ò jẹ́ kí Mọ́mì tẹ̀ lé wa. Ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan tí àgbàrá ti gbẹ́ ni ilé náà wà, Màmá sì ń sá kòkó síwájú ilé, òórùn rẹ̀ kan bíi ti ọtí tó ti kan. Màmá wo kẹ́ẹ̀gì mi, ó wo Dádì. "Bàbá Dúpẹ́, nítorí pé ọmọ mọ eré sá lẹ ṣe di òkúta rù ú? Irú kí lèyí?" Dádì ní òfin àgbáyé ni. Màmá pòṣé.

Dádì fọn fèrè lórí òkè. Akin àti Ràṣídì fò síwájú. Kẹ́ẹ̀gì wọn fúyẹ́ ju tèmi lọ, nítorí náà bí wọ́n ṣe dé ibi tí àgbàrá gbẹ́, ti Akin dojú dé, ti Ràṣídì gun ti Akin, okùn méjèèjì lọ́ mọ́ra, àwọn méjèèjì sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ara wọn létí. Tèmi ò dojú dé. Òkúta ti mú un mọ́lẹ̀. Mo kọjá lára wọn, mo ń yọ̀ ṣìnkìn, àfi bí mo ṣe gbọ́ gììrì lẹ́yìn mi. Kẹ́ẹ̀gì mi ló ń bọ̀! Èmi ló yẹ kí n máa fà á, òun ló ń lé mi. Mo sá, mo sá, kò gbà. Ó gbá mi ní gìgísẹ̀, mo bá jókòó gbì sórí òkúta, ó sì gbé mi, ó di àárín kòkó Màmá.

"Yéè! Kòkó mi o!"

Akin ní kò kà, pé ọkọ̀ ló gbé mi, èmi kọ́ ni mo fa ọkọ̀. Dádì béèrè pé, "Ní Ítálì, níbo ni awakọ̀ máa ń wà?" Ràṣídì, ọmọ tí kò lè purọ́, dáhùn wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Inú ọkọ̀ ni, sà." Bí mo ṣe gba kọ́ọ̀pù nìyẹn. Màmá ní kí ẹni tó borí wá ṣa kòkó òun kúrò nínú iyanrìn. Ìdúró ni mo fi ṣà á, nítorí ìdí mi ò ṣeé fi jókòó.

Lọ́jọ́ tí à ń padà sí Àkúrẹ́, mo gorí àga iwájú bí olorì. Nígbà tí a dúró ra iṣu lórí òkè kan, Dádì ní kí n sọ̀ kalẹ̀. Hánbíréèkì ọkọ̀ ti kú. Ó fa òkúta kan yọ lábẹ́ àga rẹ̀, èyí tó tóbi jù nínú kẹ́ẹ̀gì mi, ó nà án sí mi. "Ẹni tó wà níwájú ló ń fi òkúta ti táyà." Gbogbo táàmù yẹn, ibi tí ọkọ̀ bá ti dúró, títí dé ẹnu géètì ilé-ìwé, èmi ni mò ń bẹ́ sílẹ̀ pẹ̀lú òkúta lọ́wọ́, tí Akin àti Ràṣídì jókòó sẹ́yìn bí ìjòyè, tí wọ́n ń juwọ́ sí mi. Ẹni tó kàn ló mọ̀. Mo sunkún.

Ìdíje ti orí tẹlifíṣọ̀n ti yí orúkọ padà, ó ti yí òfin padà, ó sì ti kógbá wọlé. Tiwa ṣì ń lọ. Bí ọ̀rọ̀ ẹbí kan bá ṣẹlẹ̀, Akin á pè mí: "Dúpẹ́, ìwọ lo mọ̀ ọ́n ṣe." Ràṣídì náà, tó ti di ẹbí, á ní ohun tí Akin sọ lòun náà fẹ́ sọ. Mo ń kùn, mo ń ṣe é. Ìyà ni ọmọ tí mo jẹ́ nígbà yẹn pe òkúta. Èmi àgbà yìí, bí ó bá pẹ́ díẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò di nǹkan kan lé mi, ẹ̀rù á bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí pé àbí mo ti ń gbẹ́yìn.

Dádì ò wakọ̀ mọ́. Orúnkún ò gbà fún un. Lóṣù tó kọjá, mo gbé e lọ sí ilé tí Màmá fi sílẹ̀ l'Óǹdó. Ó jókòó síwájú, ó ń tẹ bíréèkì tí kò sí lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí mo ṣe dúró lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn, ó ṣílẹ̀kùn, ó na ẹsẹ̀ kan síta.

"Dádì, ibo lẹ̀ ń lọ?"

"Mo fẹ́ wá òkúta."

"Hánbíréèkì mi ń ṣiṣẹ́ dáadáa, sà."

"Mo mọ̀," ló wí. "Àbí iwájú kọ́ ni mo jókòó sí?"

Mo tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, mo dúró dè é.