Amí Tí Mo Fi Sínú Kọ̀ǹpútà Ẹja

Ojú mi méjèèjì yìí ni mo fi rí gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ. Ẹnikẹ́ni ò sọ ọ́ fún mi, mi ò sì gbọ́ ọ lẹ́nu aládùúgbò. Láti ìgbà tí mo jẹun àárọ̀ tán ni mo ti jókòó síwájú kọ̀ǹpútà náà títí ọ̀rọ̀ fi bàjẹ́, mi ò dìde àfi ẹ̀ẹ̀kan tí mo lọ tọ̀. Ẹni tó bá ní mi ò sí níbẹ̀, irọ́ ló ń pa.

Ṣùgbọ́n kí ẹ kọ́kọ́ mọ irú ẹni tí mo jẹ́. Ìwé mẹ́fà ni mo kà. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń wọ yunifásítì, abẹ́ agboòrùn ni mo wà ní Ajah tí mò ń tú fóònù. Láti orí fóònù mo bọ́ sórí kọ̀ǹpútà. Nígbà tí mo tú ara rẹ̀ títí tó fi sú mi, mo wọ inú rẹ̀ lọ. Láti Lẹ́kkí títí dé Ẹ̀pẹ́, mi ò tíì rí ẹlòmíì tó wọ ibi tí mo wọ̀ láìní sitifíkéètì.

Ohun kan wà nínú kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní kánẹ́ẹ̀lì. Ojú kì í rí i, ṣùgbọ́n òun ni ọ̀gá inú ilé. Òun ló ń pín àkókò: ìwọ wọlé, ìwọ dúró ná, ìwọ lọ gbé ohun tó dé sẹ́nu ọ̀nà yẹn wá. Àwọn tó kàwé pàápàá ń bẹ̀rù rẹ̀. Èmi ò bẹ̀rù rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó ń gbé ní Abraham Adésànyà Estate, ló gbé iṣẹ́ náà fún mi. Ilẹ̀ tó kàn án nínú ogún bàbá wa, ó ti tà á tán, ó sì fi owó rẹ̀ ṣe ọgbà ẹja lẹ́yìn Ṣàngótẹ̀dó, níbi tí ilẹ̀ ti ń rọra sọ̀kalẹ̀ lọ bá ọ̀sà. Tọ́ńkì ńlá mẹ́ta ni, epìyà ló kún inú wọn. Àwọn obìnrin tó ń se oúnjẹ fún òṣìṣẹ́ èbúté ńlá ní Ìbẹ̀jú ló fẹ́ wá kó wọn. Epìyà kì í ṣe àrọ̀. Àrọ̀ lè yọ orí sókè kó fa afẹ́fẹ́ sínú kó sì máa bá ayé rẹ̀ lọ. Bí epìyà bá pọ̀ lójú kan, tí pọ́ǹpù ò fẹ́ atẹ́gùn sínú omi fún wọn, kíá ni wọ́n ń kú.

Ilé iṣẹ́ kan ti rán ẹnjiníà tó wọ táì wá. Mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi dá a padà.

"Àǹtí mi, ẹ ní mi nílé, ẹ wá ń wá táì kiri?"

Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà ò dénú. "Àbúrò mi, ilẹ̀ bàbá wa ló wà nínú omi yìí o."

"Ẹ lọ fọkàn balẹ̀."

Mo gbé kọ̀ǹpútà kan kalẹ̀ tí kò tóbi ju páálí sìgá lọ. Irin kan wà nínú tọ́ńkì kọ̀ọ̀kan tó ń wọn afẹ́fẹ́ inú omi, tó sì ń fi nọ́ńbà ránṣẹ́ gba inú waya. Bí nọ́ńbà bá lọ sílẹ̀, kọ̀ǹpútà á tan pọ́ǹpù. Ó ṣiṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn èèyàn fi ń wá wò ó.

Torí àwọn tó ń wá wò ó yìí ni mo ṣe fi amí sí i. Inú kánẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ ni amí náà wà. Àwọn tó kọ kánẹ́ẹ̀lì ló fi síbẹ̀, èmi ni mo tan án. Ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìgbà ọgọ́rùn-ún ló máa ń dá ohun gbogbo dúró, á bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń ṣe lọ́wọ́, á kọ ọ́ sílẹ̀, á tú wọn sílẹ̀. Bí a bá kó ohun tó kọ jọ, á ya àwòrán kan tó pọ́n bí iná tó ń jó, tó ń fi ibi tí àkókò ń bá lọ hàn. Bí àlejò bá ti dé, mo máa yí ojú kọ̀ǹpútà sí i, ẹnu á yà á. Ìgbà tí nǹkan bá bàjẹ́ nìkan làwọn ẹlòmíì ń lo amí yìí. Èmi fi tèmi sílẹ̀ tọ̀sántòru.

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, nọ́ńbà bẹ̀rẹ̀ sí sọnù lójú ọ̀nà. Èyí tó yẹ kó jẹ́ 5.8 á dé láìlórí. Mo ti kọ́ kọ̀ǹpútà pé tí nọ́ńbà bá dé ní àbùkù, kó jù ú nù, kó di èyí tó gbà kẹ́yìn mú, kó sì dúró de òmíràn. Nítorí náà pọ́ǹpù ń pẹ́ díẹ̀ kó tó tan.

Màmá kan ló ń tọ́jú ẹja náà, ọmọ abúlé tó wà létí ọ̀sà níbẹ̀. Àwọn èèyàn rẹ̀ ti ń pa ẹja kí àwọn bàbá tiwa tó bẹ̀rẹ̀ sí ta ilẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ rí i.

"Ọ̀gá, pọ́ǹpù yín yìí ń rò ó kó tó tan o."

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dùn mí. Tí Màmá bá ti wo ẹnu ẹja, tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ọwọ́ ara rẹ̀ ló máa fi tan súwíìṣì. Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé ọwọ́ yẹn ń ba ìwọ̀n mi jẹ́, àfi kí àìsàn kọ̀ǹpútà náà yọjú kí n tó lè mú un. Ẹ̀gbọ́n mi pè é, ó sọ ọ́ lójú gbogbo wa pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan súwíìṣì àyàfi tí àbúrò òun bá ní kí wọ́n fọwọ́ kàn án. Nílé tiwa, tí àgbà bá ti sọ̀rọ̀ lójú òṣìṣẹ́, kì í yí i padà mọ́.

Ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, ojú ọ̀run ṣú, ooru mú, ewé kan ò mì. Mo jókòó, mo gbé amí kúrò ní ìgbà ọgọ́rùn-ún, mo gbé e lọ sí ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún, torí mo fẹ́ rí ohun tí ẹlòmíì ò lè rí. Kánẹ́ẹ̀lì kọ ọ̀rọ̀ kan síta: "Amí yìí ń gba àkókò jù, mo dín in kù." Lóòótọ́ ló dín in kù. Inú bí mi. Ta ló bi í? Ibì kan wà tí wọ́n ti ń pa á lẹ́nu mọ́. Mo pa á lẹ́nu mọ́, mo gbé amí padà sókè.

Nígbà tí àwòrán jáde, ibi tí iná pọ̀ sí jù ni ilé amí fúnra rẹ̀. Mo rí i kedere. Ohun tí mo rò ni pé àwọn tó kọ amí ló ṣàṣìṣe, pé èmi oníwèé mẹ́fà ni mo wá rí àléébù òyìnbó. Inú mi dùn gan-an. Mo ṣí ohun tí wọ́n kọ, mo ń kà á ní ìlà kọ̀ọ̀kan, mo sì ti ń ro bí màá ṣe kọ lẹ́tà sí wọn.

Màmá yọjú lẹ́nu ọ̀nà. "Ọ̀gá, ẹ wá wo ẹja."

"Mò ń wò ó, Màmá." Mo nàka sí ojú kọ̀ǹpútà. Nọ́ńbà 5.8 wà níwájú orúkọ tọ́ńkì kìíní, méjì tó kù ò jìnnà sí i. "Ṣé ẹ rí i? Afẹ́fẹ́ kún ibẹ̀."

"Èyí tí ẹ ń wò yẹn ò lẹ́nu. Àwọn tó lẹ́nu wà níta, wọ́n sì la ẹnu wọn sókè."

"Ẹ má fọwọ́ kan súwíìṣì o."

"Mi ò fọwọ́ kàn án. Ṣé kí n fọwọ́ kàn án ni?"

"Ẹ jẹ́ kí n ka ojú ìwé yìí tán."

Ó lọ. Nígbà tó tún dé, fóònù wà létí rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ló wà lórí rẹ̀. Mo gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n mi tó ń béèrè pé kí ni àbúrò òun wí. Màmá ní, "Wọ́n ní ká dúró, mà." Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ẹ dúró nígbà náà." Màmá pa fóònù, ó wò mí. "Bàbá kọ̀ǹpútà, ṣé ìwé yẹn ò tíì tán? Àwọn kan ti ń dojú dé."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló jẹ́ kí n gbé ojú kúrò nínú ìwé. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ 5.8 ni mo ti fi aago kékeré kan sí nígbà tí mo ń ṣe é, tó ń sọ ìgbà tí nọ́ńbà náà dé. Èmi ni mo fi síbẹ̀, mi ò sì wò ó rí. Nọ́ńbà tí mò ń nàka sí ti wà níbẹ̀ fún ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí kan. Kò sí tuntun kankan tó tẹ̀lé e.

Ibẹ̀ ló ti yé mi. Ẹnu ọ̀nà tí waya ń gbà wọlé kéré, ìwọ̀nba nọ́ńbà díẹ̀ ló lè gbà. Bí kánẹ́ẹ̀lì ò bá tètè wá kó wọn, tuntun á bọ́ lé ògbólógbòó, gbogbo rẹ̀ á dàrú. Kánẹ́ẹ̀lì ò ráyè wá. Amí mi ti di ẹ̀wù rẹ̀ mú, ó ń bi í ní ìgbà ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún pé kí ló ń ṣe. Nígbà tó sì jẹ́ ọgọ́rùn-ún, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ló ń dí i lọ́nà. Àwọn nọ́ńbà àkọ́kọ́ tí mò ń wá ẹni tó jí wọn gbé, amí tí mo fi ń ṣe àfihàn fún àlejò ló ń jí wọn.

Mo ní, "Ẹ tan án." Ọwọ́ Màmá ti wà lórí súwíìṣì kí n tó sọ ọ́ tán.

Mo pa amí náà. Lójú ẹsẹ̀ ni nọ́ńbà bẹ̀rẹ̀ sí wọlé, ọ̀kan ò bọ́: 0.6, 0.7, 0.6. Títí dòní, ọ̀kan ò tíì bọ́ mọ́. Nígbà tí mo jáde, ojú omi ti funfun fún ikùn ẹja. Nínú tọ́ńkì kẹta, ọ̀pọ̀ ṣì ń mí, wọ́n kóra jọ síbi tí omi ti ń hó.

Ẹ̀gbọ́n mi dé. Kò pariwo.

"Ṣé o wà níbẹ̀?"

"Mo wà níbẹ̀, mà."

"O ń wò ó?"

"Mò ń wò ó."

Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó ká aṣọ rẹ̀ sókè, ó bá wa wọ inú omi. Ì bá bú mi ì bá sàn.

Mo ṣì ń sọ ọ́ pé láti Lẹ́kkí títí dé Ẹ̀pẹ́, kò sí ẹlòmíì tí ì bá rí ìdí ọ̀rọ̀ yẹn lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Mo sọ ọ́ lọ́jọ́ náà pàápàá, pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ ẹja lọ́wọ́. Màmá ò gbé ojú sókè. "Òótọ́ ni, Ọ̀gá. Ẹ rí i."

A kà wọ́n bí a ṣe ń kó wọn. Tọ́ńkì kìíní, ẹgbẹ̀rin ó lé mọ́kànlá. Tọ́ńkì kejì, ẹgbẹ̀rin ó dín mẹ́fà. Tọ́ńkì kẹta, igba ó lé méje. Ẹ̀gbọ́n mi ní ká tún un kà, a tún un kà, kò yí padà: epìyà ẹgbẹ̀sán ó lé méjìlá.