Ọjọ́ Tí Bàbá Mi Gbọ́ Òórùn Èéfín

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, tí mo ṣì ń sáré tẹ̀lé bàbá mi lọ sí oko wa lójú ọ̀nà Ofiki, kò sí ohun tó ń bà wá lẹ́rù nígbà ọyẹ́ bí iná ìgbẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sí ìgboro lè má mọ̀ ọ́n. Koríko ilẹ̀ ọ̀dàn wa a máa ga ju ènìyàn lọ, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá sì ti mú un gbẹ, iná tí ẹnì kan dá láti fi lé òkété lè jó dé oko ẹni tí kò mọ̀ rí. Àárín oko ni àká iṣu wa wà, a sì máa ń ro ìdí rẹ̀ yí ká kí iná má bàa rí koríko gbà dé ibẹ̀. Bí bàbá mi bá ti gbọ́ òórùn èéfín, wọn a ní, "Ẹ ya ewé." Gbogbo wa, àgbà àti ọmọdé, a ó ya ẹ̀ka igi tútù, a ó sì máa fi na iná náà títí yóò fi kú. N kò rántí pé iná jó iṣu wa rí.

Ọkùnrin tí mo ń sọ yìí ló wá di ẹni tí mò ń wẹ̀ fún.

Ìyá mi ni àìsàn kọ́kọ́ kọlù. Àrùn rọpárọsẹ̀ mú wọn lápá kan, ọ̀rọ̀ sì di ohun tí wọ́n ń fi agbára fà jáde lẹ́nu. Èmi nìkan ni ọmọ tó kù sí Ṣakí. Àbúrò mi ọkùnrin wà ní Ìbàdàn, àbúrò mi obìnrin wà lókè òkun. Ọkọ mi ti di olóògbé, àwọn ọmọ mi ti ní ilé tiwọn, mo bá kó ẹrù mi padà sí ilé àwọn òbí mi. Mo rò pé Bàbá yóò máa ràn mí lọ́wọ́ nídìí Ìyá, láìmọ̀ pé iyè tiwọn náà ti ń ra. Wọ́n á jẹun tán, wọ́n á ní láti àárọ̀ ni ebi ti ń pa àwọn. Wọ́n á béèrè ẹ̀gbọ́n wọn tó ti kú tipẹ́, bí mo bá sì sọ pé ó ti kú, wọ́n á sunkún bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ.

Ẹ̀yin ọmọ mi, àníyàn a máa jẹ ènìyàn láti inú. Bí mo bá wà nídìí Ìyá, etí mi wà lọ́dọ̀ Bàbá. Bí Bàbá bá sùn jù, mo á lọ wò bóyá wọ́n ń mí. Oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun mi mọ́. Bẹ́ẹ̀, bí àwọn àbúrò mi bá pè lórí fóònù, tí wọ́n ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò sí?" mo á ní kò sí. Àkọ́bí ni mí.

Lọ́jọ́ kan nínú ọyẹ́, èéfín bo ojú ọ̀run láti òwúrọ̀. Bàbá ń jókòó, wọ́n ń dìde. Wọ́n bi mí pé, "Ṣé ẹ ti ro ìdí àká yí ká?"

Mo ní, "Bàbá, a ò ní oko mọ́. Ẹ jókòó, ẹ sinmi."

Wọ́n wò mí bí ẹni tí ń wo aláìgbọ́n, wọ́n sì jókòó. Mo wọlé lọ yí Ìyá padà kí egbò má bàa dá sí wọn lẹ́yìn, mo sì pààrọ̀ aṣọ fún wọn. Mo fún wọn lóúnjẹ díẹ̀díẹ̀, ó sì pẹ́. Nígbà tí mo jáde, àga Bàbá ti ṣófo. Bàtà wọn wà nídìí rẹ̀.

Mo wo ẹ̀yìnkùlé, mo wo balùwẹ̀, mo bọ́ sí ìta. N kò rí wọn. Mo fẹ́ sáré lọ, mo rántí Ìyá. Bí wọ́n bá yí ṣubú lórí ibùsùn ńkọ́? Bí n kò bá sì lọ, kí ni yóò bá Bàbá lójú títì? Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹsẹ̀ kan nínú ilé, ẹsẹ̀ kan níta. N kò mọ èwo nínú àwọn méjèèjì ni kí n fi sílẹ̀.

Ni mo bá gbọ́ ohùn Ìyá láti inú yàrá. Mo wọlé tọ̀ wọ́n lọ, wọ́n sì fi ọwọ́ wọn tó ṣì ń ṣiṣẹ́ di ọwọ́ mi mú. "Iná," ni wọ́n wí.

"Iná wo, Ìyá?"

Ó pẹ́ kí èyí tó kù tó jáde. "Bàbá yín... lọ bá iṣu."

Ìgbà náà ló yé mi. Òórùn èéfín ti gba inú orí Bàbá lọ. Wọ́n fẹ́ lọ gba àká tí kò sí mọ́ lọ́wọ́ iná tó wà lóòótọ́.

Mo kígbe pe télọ̀ obìnrin tó ń gbé ilé kejì sí wa. N kò bẹ̀ ẹ́ ní nǹkan kan rí. Ó fi aṣọ tó ń rán sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ, ó ní, "Ẹ máa lọ, mà. Èmi á jókòó tì wọ́n." Mo gun ọ̀kadà. Bí a ṣe ń jáde nílùú ni èéfín ń ki sí i, omi ń dà lójú mi. Ọlọ́kadà náà ní, "Ìyá, iná wà níwájú o." Mo ní kó má dúró.

Ibi tí oko wa wà tẹ́lẹ̀ ti di oko kajú ẹlòmíràn. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ la ti rí Bàbá, láìwọ bàtà, èérú bo aṣọ wọn, wọ́n ń fi ẹ̀ka igi emi na iná. Iná náà kò ga, ṣùgbọ́n ó ń rìn, atẹ́gùn sì ń tì í bọ̀ lọ́dọ̀ wọn. Mo sáré gbá apá wọn mú. Wọ́n já ara wọn gbà pẹ̀lú agbára tí n kò mọ̀ pé ó ṣẹ́kù sí wọn lára. "Fi mí sílẹ̀. Ṣé kí ebi pa àwọn ọmọ mi ni?"

Mo fi wọ́n sílẹ̀. Mo ya ẹ̀ka tèmi, ọlọ́kadà náà ya tirẹ̀, a dúró síwájú Bàbá, a sì na iná náà. Ó ta sí mi lápá, ó jó etí ìró mi. A ò dẹwọ́ títí tó fi kan ojú ọ̀nà, tí kò rí koríko jẹ mọ́.

Mo ní, "Ó ti kú, Bàbá. Iṣu wa ò jó."

Wọ́n wo ilẹ̀ dúdú náà, wọ́n wá wò mí. "Ẹ ṣeun o, ìyá. Ọmọ ta ni yín?"

"Ọmọ yín ni mí."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ọmọ tèmi kéré. Ó wà nílé lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀."

Àtẹ́lẹsẹ̀ wọn ti bó. Nílé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì tó tọ́jú ẹsẹ̀ wọn fọ ibi tí iná ta sí mi lápá, ó wọn ẹ̀jẹ̀ ríru tèmi náà. Ó ní, "Ìyá, ta ló ń tọ́jú ẹ̀yin?" Mo fẹ́ dáhùn, ẹkún ló jáde. Mo sun ún tẹ́rùn níbẹ̀, kò sì lé mi.

Kí n tó kúrò lórí bẹ́ńṣì ilé ìwòsàn náà ni mo pe àwọn àbúrò mi. Mo ní ó wà o, nǹkan wà, apá mi ò ká a. Èyí ọkùnrin ti wà lójú ọ̀nà kí n tó délé. Láti ìgbà náà, ó ń wá dúró tì wá, á gba Bàbá lọ́wọ́ mi, á ní kí n lọ sùn. Èyí obìnrin wá ẹni tí ń ràn mí lọ́wọ́ nídìí Ìyá. Bí Bàbá bá béèrè àká, mo á ní a ti ro ìdí rẹ̀ yí ká, wọ́n á sì fi ara balẹ̀. Ẹ̀rù ò kúrò lára mi, ṣùgbọ́n mo ń jẹun. Nígbà tí òjò dé ni Bàbá jáde láyé, lórí ibùsùn wọn, èmi àti àbúrò mi ọkùnrin wà níbẹ̀. Ìyá ṣì wà. Àná ni wọ́n pè mí lórúkọ ketekete.

Ayé ti yí. Agboolé wa tó máa ń kún bí ọjọ́ ọjà, àgádágodo ló wà lẹ́nu ọ̀pọ̀ yàrá ibẹ̀ báyìí. N kò bá àwọn tó lọ wí, oúnjẹ òòjọ́ ni wọ́n ń wá, èmi náà sì ran àwọn tèmi lọ. Ṣùgbọ́n ìyá arúgbó kan wà nínú agboolé náà nígbà èwe mi, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà, ojú rẹ̀ ti fọ́. Ìyàwó yìí á fún un lóúnjẹ, tọ̀hún á pọn omi rẹ̀, àwa ọmọdé á fà á lọ́wọ́ lọ sábẹ́ ìbòòji. Mo ti tó lọ sílé ọkọ kí n tó mọ̀ pé kì í ṣe òun ló bí bàbá mi.