Fádáre Sá Ẹ̀jẹ̀ Rẹ̀ Bí Ẹni Ń Sá Kókó

Ní Ajue, Fádáre kì í gbé kókó tútù wọjà. Ìjọba sọ́jà ti tú ilé iṣẹ́ tó ń ra kókó ká, oníṣòwò tí kò mọ kókó yàtọ̀ sí ẹ̀pà ti ń ra ohun gbogbo, ìbáà tutù, ìbáà hu. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi kókó tútù ṣówó, wọ́n ń fi í rẹ́rìn-ín. Ti Fádáre yàtọ̀. Ọjọ́ méje gbáko ló máa fi sá tirẹ̀ lórí ẹní. Á bu ẹ̀kúnwọ́ kan, á fún un mọ́ra, á dẹtí sí i bóyá ó ń dún kírákírá.

"Omi ni ọ̀tá kókó," ló máa ń wí.

Àwọn tó ń yẹ kókó wò ní Ore kò dá àpò rẹ̀ kan padà rí. Ìyẹn ni ògo rẹ̀ láyé. Ẹ rántí ọ̀rọ̀ omi yìí o, nítorí òun ló fẹ́ẹ́ kó bá a.

Ọdún tí sáàpù, ètò ọrọ̀ ajé tí ìjọba sọ́jà gbé dé, mú gbogbo ènìyàn lọ́fun ni igi obì gbé Fádáre ṣánlẹ̀. Ó jábọ́ sórí kùkùté, ó jókòó lé e bí ẹni gun ẹṣin. Ẹ má jẹ́ ká fi bo ara wa lójú: kórópọ̀n rẹ̀ méjèèjì ló fọ́. Kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù ńlá ní Benin, ibẹ̀ ti wú, ó ti ń rà. Dókítà ní yálà kí wọ́n yọ méjèèjì, tàbí kí wọ́n gbé òkú lọ sílé. Lydia ìyàwó rẹ̀ ní, "Ẹ yọ ọ́, ẹ fún mi lọ́kọ mi."

Ó ti bímọ mẹ́ta, Olúwaṣíjibòmí ni àkọ́bí, nítorí náà kì í ṣe ọmọ ló ń sunkún sí. Ara ló kọ̀. Ooru á ṣàdédé gùn ún ní kùtùkùtù, á làágùn bí obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ń dáwọ́ dúró. Àdá á wúwo lọ́wọ́ rẹ̀ bí irin ojú irin. Ọkàn rẹ̀ ò fà sí ìyàwó mọ́. Èyí tó wá burú jù ni ẹkún. Adìẹ kú, Fádáre sunkún. Ife fọ́, Fádáre sunkún. Lydia, tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, sọ ọ́ lójú rẹ̀ pé, "Bàbá Ṣíjibòmí, bí ẹ bá fẹ́ sunkún adìẹ, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sè é ná."

Dókítà Olúbùsọ́lá ló gbà wọ́n. Obìnrin ni, láti ọsibítù ńlá yẹn ló ti ń wá sí ilé ìwòsàn kékeré kan ní Ore ní gbogbo ọjọ́rú. Ó ṣàlàyé pé kórópọ̀n kì í ṣe fún ọmọ bíbí nìkan. Ó ní nǹkan kan tó ń sè sínú ẹ̀jẹ̀, nǹkan yẹn ló ń mú egungun ọkùnrin le, tó ń fún iṣan lágbára, tó ń gbé ọkàn ró. Ìkòkò ti fọ́, wọ́n á máa bu ọbẹ̀ wá láti ìta. Abẹ́rẹ́ kan ní ìdí, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta. Dókítà pe orúkọ oògùn náà ní tẹstositírọ́ọ̀nù. Lydia ní kí ẹni tó bá ráyè máa pè é bẹ́ẹ̀, ó sọ ọ́ ní tẹ́sítò.

Láyé sáàpù, oògùn ṣòroó rí ju iyọ̀ lọ. Ọpẹ́lọpẹ́ kókó, tó jẹ́ òun nìkan ló gbówó lórí nígbà náà. Láti Benin ni wọ́n ti ń rà á, Fádáre á sì kó àwọn ìgò kékeré náà sínú agolo bísíkíìtì lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bí ọjọ́ bá pé, á mú ìgò kan, á gun alùpùpù lọ sí Ore, Nọ́ọ̀sì Límátù á gún un, á sì kọ ọjọ́ sínú káàdì.

Nígbà tó fi máa di abẹ́rẹ́ kẹrin, Fádáre ti ń ro oko kó tó jẹun àárọ̀. Lydia sọ ọ́ létí odò pé ọkọ òun ti padà sílé. Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n rẹ́rìn-ín dáadáa, òun lòun mọ ohun tó padà.

Nígbà tó di oṣù kẹfà, dókítà ní ó yá, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀.

"Bàbá, abẹ́rẹ́ yìí dára, àmọ́ ó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ ki jù. Bí ó bá kọjá mẹ́rìnléláàádọ́ta, a ó dá a dúró. Lọ́jọ́ tí abẹ́rẹ́ tó kàn bá pé, kí ẹ tó gbà á, ẹ wá ká fa ẹ̀jẹ̀."

Nínú gbogbo ohun tí dókítà sọ, "a ó dá a dúró" nìkan ló wọ Fádáre létí. Ó gbé e délé, ó gbé e sùn, ó gbé e jí. Kí wọ́n dá a dúró kẹ̀? Kí òun tún padà sí ẹkún adìẹ?

Ó rò ó bí àgbẹ̀ kókó ṣe ń rò ó. Wọ́n ń bọ̀ wá yẹ òun wò. Ẹni tí wọ́n ń bọ̀ wá yẹ wò a máa múra sílẹ̀. Àkọ́kọ́, kí oògùn má baà kéré nínú ẹ̀jẹ̀ òun, ó ku ọjọ́ méjì ló ti yọ ìgò kan nínú agolo, ó lọ bá oníkẹ́mísì kan ní Ore pé kó gún òun. Kò sọ fún Límátù, kò sọ fún Lydia. Ìkejì, kí ẹ̀jẹ̀ òun má baà lómi, kò mu omi. Láti àárọ̀ ọjọ́ tó ṣáájú àyẹ̀wò títí ilẹ̀ fi ṣú, ó ń ṣán oko nínú oòrùn, ètè rẹ̀ gbẹ bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀. Lydia gbé omi lọ bá a.

"Òùngbẹ ò gbẹ mí."

"Òùngbẹ ò gbẹ yín, ẹ wá ń lá ètè bí alángbá?"

"Fi mí sílẹ̀, Ìyá Ṣíjibòmí."

Lọ́jọ́ kejì, Límátù ki abẹ́rẹ́ sí iṣan rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ rọra ń wọ́ bọ̀ bí epo tó ti dì.

"Bàbá Ṣíjí, ẹ̀jẹ̀ yín ń lọ́ra o."

Inú Fádáre dùn. Kò lómi! Nígbà tí Límátù béèrè ìgò oògùn lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní ó tán nílé, òun ń retí ti Benin. Irọ́ funfun báláú.

Wọ́n gbé ẹ̀jẹ̀ náà lọ sí Benin nínú fúláàsì yìnyín. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ìwé dé. Fádáre wọ bùbá tó fi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, òun àti Lydia jókòó síwájú dókítà. Nígbà tí dókítà ṣí ìwé, wọ́n rí òdo pupa méjì tí wọ́n fi bírò fà yí nǹkan ká.

"Dókítà, ṣé kò yege ni?" Fádáre béèrè.

"Ó yege jù, Bàbá. Ìyọnu ibẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀jẹ̀ yín jẹ́ mẹ́rìndínlọ́gọ́ta. Oògùn tó wà nínú rẹ̀, tí kò yẹ kó kọjá márùndínlógójì, jẹ́ méjìdínlọ́gọ́ta."

"Ẹ̀jẹ̀ pọ̀, kí ló burú níbẹ̀? Ṣebí àìlẹ́jẹ̀ ló ń pa ènìyàn," Lydia wí.

Límátù ló dá a lóhùn. "Ìyá Ṣíjí, ẹ ti rẹ gàrí rí?"

"Láyé sáàpù yìí? Kí la tún ń jẹ?"

"Tí gàrí bá rì sísàlẹ̀ ife, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìdajì, tí omi wà lórí, ó ṣeé mu. Ẹ̀jẹ̀ náà nìyẹn. A máa yí i nínú ẹ̀rọ, èyí tó pupa á rì sísàlẹ̀, a ó wá wò ó pé nínú ọgọ́rùn-ún, mélòó ló pupa. Bí gàrí bá wú kọjá bẹ́ẹ̀, ṣé ẹ lè mu ún?"

"Á há mi lọ́fun."

"Ẹ̀jẹ̀ tó ki jù náà a máa há sójú iṣan. Ó lè há nínú ọpọlọ tàbí nínú ọkàn. Ẹni tó lágbára lánàá á wó lulẹ̀ lónìí."

Fádáre gbé ojú wolẹ̀. Dókítà ń yí káàdì rẹ̀ síwá sẹ́yìn, ojú rẹ̀ fà ro.

"Nǹkan kan ò bára mu níbí. Káàdì ní ọjọ́ kọkànlélógún lẹ́yìn abẹ́rẹ́ lẹ fa ẹ̀jẹ̀ yìí. Lọ́jọ́ yẹn, ó yẹ kí oògùn ti lọ sílẹ̀ nínú ara. Ẹ sì ní ẹ ò tíì gba òmíràn. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún gbáko láìgba abẹ́rẹ́, ooru ò mú yín? Ẹ ò sunkún?"

"Kò sunkún," ni Lydia wí. Ó wá yíjú díẹ̀díẹ̀ sí ọkọ rẹ̀. "Bàbá Ṣíjibòmí. Ẹ wojú mi."

Fádáre ò wojú ẹnikẹ́ni. Ó jẹ́wọ́ fún bàtà ara rẹ̀. Ó jẹ́wọ́ oníkẹ́mísì, ó jẹ́wọ́ omi tí kò mu. "Mo rò pé ẹ fẹ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò ni. Mo sá a díẹ̀."

Límátù ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ó fi ìbòrí rẹ̀ bo ẹnu. Lydia ká ọwọ́ lérí.

"Yéè! Ọkọ mi sá ara rẹ̀ bí kókó! Kí ló dé tí ẹ ò kúkú sùn sórí ẹní, kí n máa fi ẹsẹ̀ yí yín padà?"

Dókítà náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó tètè ṣe ojú le. "Bàbá, bí ènìyàn bá fẹ́ mọ̀ bóyá kànga òun á tó òun títí òjò tó kàn, ọjọ́ wo ló máa wò ó? Ṣé ọjọ́ tí òjò rọ̀ tán?"

"Rárá. Ìgbà tó bá ti fà dé ìsàlẹ̀ ni."

"Ìdí rèé tí mo fi ní kí ẹ wá kí ẹ tó gba abẹ́rẹ́. Ẹ lọ da òjò sí kànga, ẹ ní kí n wá wọ̀n ọ́n. Ti àìmu omi ńkọ́? Omi inú ife lẹ fà gbẹ, gàrí wá dà bíi pé ó pọ̀. Àmọ́ mi ò lè búra pé omi nìkan ni. Ó lè jẹ́ oògùn náà. Ẹ padà wá ní ọjọ́ márùn-ún òní, tí ti oníkẹ́mísì bá pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ mu omi. Títí ìwé tuntun á fi dé, kò sí abẹ́rẹ́. Bí ó bá ṣì kọjá mẹ́rìnléláàádọ́ta, a ó dá a dúró ná."

Lydia gba agolo bísíkíìtì lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀, ó gbé e pamọ́ síbi tí Ọlọ́run nìkan mọ̀. Ó gbé ìkòkò omi tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Fádáre mu omi títí ó fi mọ gbogbo ìdí igi tó wà láàárín ilé sí oko. Wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ fà. Lọ́tẹ̀ yìí, ó tú jáde wàrà.

Ìdúró de ìwé ló le. Lọ́sẹ̀ kejì, ooru padà dé. Ewúrẹ́ ké, omi lé ròrò sí Fádáre lójú. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan lábẹ́ igi kókó, ó gbé orí lé orúnkún.

"Ìyá Ṣíjibòmí, bí wọ́n bá dá a dúró pátápátá ńkọ́? Irú ọkọ wo ni mo máa jẹ́?"

Lydia ń fi ewé kókó fẹ́ ẹ. "Nígbà tí mo fẹ́ yín, ta ló gbọ́ orúkọ tẹ́sítò rí ní Ajue? Mo ní kí wọ́n yọ ọ́, kí wọ́n fún mi lọ́kọ mi. Wọ́n sì fún mi. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni wá gbà á padà. Ẹ mu omi."

Ó mu ún.

Ní ọjọ́rú tí ìwé pé, Fádáre ò lè jókòó. Ó fara ti ògiri. Dókítà ṣí ìwé, ojú Lydia ti ń wá pupa kiri. Kò sí pupa.

"Ẹ̀jẹ̀, àádọ́ta. Oògùn, mẹ́tàlá, bẹ́ẹ̀ a kò fẹ́ kó wálẹ̀ ju mẹ́wàá lọ. Ẹ̀dọ̀ yín tí a bá a yẹ̀ wò náà dára."

"Ẹ tún un kà," Fádáre bẹ̀ ẹ́.

Dókítà tún un kà.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀ẹ̀kan sí i."

"Àádọ́ta, Bàbá. Ẹ máa gba abẹ́rẹ́ yín bó ṣe wà. Ní oṣù mẹ́fà sí i, a ó tún wò ó. Bí ó bá tilẹ̀ ga lọ́jọ́ kan, ẹ má bẹ̀rù, a lè mú abẹ́rẹ́ jìnnà síra, a lè dín in kù. Ìdádúró kì í ṣe òpin ayé. Kí ẹ ṣáà má tún múra sílẹ̀ dè mí mọ́."

Omi bọ́ lójú Fádáre. Lydia yára sọ fún wọn pé, "Ẹ má dá a lóhùn, ewúrẹ́ ni." Lòun náà bá ń nu ojú ara rẹ̀. Ó tú ìdí ìró rẹ̀, ó yọ ìgò oògùn kan jáde. Àṣé ara rẹ̀ ló gbé e sí!

Límátù gún un. Ó kọ ọjọ́ sí káàdì.

Lọ́jọ́ kejì, oòrùn yọ dáadáa, Fádáre tẹ́ kókó sórí ẹní. Ó fún ẹ̀kúnwọ́ kan, ó dẹtí sí i. Kò tíì dún. Ó gbé àdá kọ́ èjìká, ó gba ọ̀nà oko.

"Bàbá Ṣíjibòmí!" Lydia ké láti ẹ̀yìnkùlé. "Kókó ni wọ́n ń sá o!"

Fádáre ò wẹ̀yìn. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì omi tó so mọ́ ìdí sókè kí ìyàwó rẹ̀ lè rí i, ó ṣí i, ó gbé e sẹ́nu, ó mu ún gbọ̀ngbọ̀ngbọ̀n, ó ń lọ.