Fọ́tò Orí Tánkì ní Kpakungu

Mo rántí ìgbà tí ìyá àfẹ́sọ́nà mi sọ pé àwọn ò bí ọmọ fún inú igbó. Mínnà ni wọ́n ń pè ní igbó yẹn o, níbi tí èmi ti ń fi fọ́tò yíyà jẹun! Wọ́n ní àfi tí àwọn bá fojú ara àwọn rí i pé ìlú ńlá ni, kí n má wulẹ̀ kó àwọn èèyàn mi wá tọrọ ìyàwó.

Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Mo gun àpáta kan lẹ́yìn ìlú kí n lè ya gbogbo Mínnà pọ̀. Orí igi máńgòrò nìkan ni fọ́tò gbé wá. Mo fi ránṣẹ́ sí ìyá bẹ́ẹ̀ náà. Wọ́n fèsì pé, "O kú iṣẹ́ oko."

Ni mo bá gbójú lé tánkì omi ilé tí mo háyà yàrá sí ní àdúgbò Kpakungu, nítorí orí irin gíga ló wà. Bàbá onílé mi, Àlùfáà ará Ìlọrin tó ń kọ́ni ní kéwú, ní kò burú. "Ṣùgbọ́n kí o tó gòkè, kọ́kọ́ ké, kí àwọn obìnrin inú ọgbà tó yí wa ká lè wọlé. Ẹlẹ́hàá pọ̀ níbí." Mo gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu. Mo ké tagbáratagbára, "Mò ń gòkè o!" Yorùbá ni mo fi ké e, ní àdúgbò tó jẹ́ pé Hausa ni wọ́n fi ń lálàá.

Háà! Mínnà tẹ́ rẹrẹ: páànù lórí páànù, kẹ̀kẹ́ ń lọ, ó ń bọ̀. Inú mi dùn débi pé n kò tètè gbọ́ ariwo. Àṣé obìnrin kan tó ń fọ irun ti rí mi. Kí n tó mọ̀, àwọn ọkọ ti tú síta, wọ́n na ẹ̀ṣẹ́ sókè: "Sauko! Sauko!" Wọ́n ní kí n sọ̀kalẹ̀, ìdí àkàsọ̀ gan-an ni wọ́n sì pé jọ sí. Ìka mi ò kúrò lórí bọ́tìnnì, kámẹ́rà ń ya wọ́n lọ ràì.

Àlùfáà sáré jáde, wọ́n fi Hausa bẹ àwọn ọkọ náà pé kí wọ́n má bínú, ìyàwó ni mò ń wá. Ọ̀rọ̀ yẹn ló bu epo síná.

"Ìyàwó ta ni?"

Ìgbà tí Àlùfáà ṣàlàyé tán pé Ògbómọ̀ṣọ́ ni ìyàwó náà wà, bàbá arúgbó kan bú sẹ́rìn-ín. "Kai, aure!" Ó ní ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó mà ni. Wọ́n yà fún mi, mo sọ̀kalẹ̀ láìfarapa.

Fọ́tò tó mọ́ jù ni mo fi ránṣẹ́: páànù lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, àwọn ọkùnrin sì nawọ́ sókè. Ìyá pè mí. "Gbogbo èèyàn yìí ló ń kí ọ? Ó dáa, kó àwọn èèyàn rẹ wá." Mo ní wọ́n ṣeun, mo sì lọ kó àwọn èèyàn mi.

Fadikpe, ní Mínnà yìí náà, ni èmi àti ìyàwó mi ń gbé báyìí. Ìyá wá bá wa tọ́jú ọmọ, wọn ò sì padà mọ́. Láìpẹ́ yìí, tánkì wa ń jò, mo fẹ́ gòkè. Ìyá ni wọ́n kọ́kọ́ ké sí aládùúgbò, ní Hausa tó já gaara. Ẹnu yà mí. Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀.

"Ṣé o rò pé n kò mọ ẹ̀ṣẹ́ yàtọ̀ sí ìkíni nínú fọ́tò ìjọ́sí ni? Mo rí i pé ẹni tí wọ́n ń lérí sí báyẹn, tí kò ju kámẹ́rà rẹ̀ nù, kò ní ju ọmọ mi nù."

Mo gòkè, mo dí ibi tó ń jò, mo wá wo ìlú fún ìgbà díẹ̀. Ká má parọ́, láti òkè, igbó ni Mínnà jọ. N kò sọ fún ìyá.