Abo Ẹṣin Aṣálẹ̀ àti Àna Wa ní Lurup

Òróró ìbọn ni mo kọ́kọ́ gbóòórùn nínú ilé náà, kí n tó gbóòórùn kọfí, kí n sì tó gbóòórùn ẹja tí ìyá ilé ń yan. Ní Lurup ni, ní ìwọ̀-oòrùn Hamburg, nínú ilé kan tó ní ọgbà kékeré lẹ́yìn. Bí mo ṣe bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà ni imú mi ti sọ fún mi pé ilé ọdẹ ni mo wọ̀. Ọmọ ọdẹ ni mí, má rẹ́rìn-ín. Èmi obìnrin tí o mọ̀ pé mo ń fi kọ̀nténà kó ẹrù ránṣẹ́ sí Èkó yìí, orí awọ ẹtu ni mo ti kọ́ ìjókòó. Bí òróró yẹn ṣe ń rùn ní yàrá bàbá wa ní Ṣakí, níbi tí òun àti èéfín àti ẹran gbígbẹ ti jọ ń gbé, náà ló ṣe ń rùn níbẹ̀, àfi pé ti Lurup mọ́ díẹ̀, bí ẹni pé wọ́n ti fi ọṣẹ wẹ̀ ẹ́.

Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ló gbé wa débẹ̀. Ọmọkùnrin ilé náà fẹ́ fẹ́ ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n mi. Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn kò dá ìjà sílẹ̀, torí ọmọkùnrin náà ti gba Ìsìláàmù láti inú ara rẹ̀, ó sì gba ààwẹ̀ ọdún yẹn títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ fi wọnú. Ẹ̀gbọ́n mi ni kò tíì dáhùn. Ó ní òun kì í fi ọmọ fún ọmọdé, ilé ni òun ń fi ọmọ fún, àti pé kí òun rí bàbá tó bí i ná. Ìwọ náà mọ irú àwọn àgbà bẹ́ẹ̀: tí wọ́n bá ti ní rárá, ìwọ pe gbogbo ayé jọ, rárá náà ni. Ọmọbìnrin náà mọ̀. Ó wá bá mi ní ọ́fíìsì mi ní Reinickendorf, ní Berlin, ó jókòó lórí ẹrù ẹlẹ́rù, ó ní, "Àǹtí, tí Dádì bá sọ pé rárá, màá fi ọmọ yẹn sílẹ̀ ni. Ich kann nicht. Mi ò lè ní ọkọ kí n má ní bàbá mọ́." Mo ní kó nu ojú rẹ̀, kó sì dìde lórí ẹrù oníbàárà mi. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára.

Èmi ni wọ́n fi ṣe ògbufọ̀. Èdè Jámánì ẹ̀gbọ́n mi, èdè ilé iṣẹ́ ni: ó mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé kí ẹ̀rọ dúró, ó mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé Schicht, àsìkò iṣẹ́, ti parí, ó sì mọ gbogbo èébú tó wà láàárín méjèèjì. Ní ti àṣà, àwọn ará ọkọ ló yẹ kó wá bá wa nílé, àmọ́ ó ní ojú ilé ni òun fi ń mọ baálé. Bẹ́ẹ̀ la ṣe wọ ọkọ̀ ojú irin ní Berlin, èmi, òun àti ọmọ náà, tí ẹ̀gbọ́n mi wọ kóòtù òtútù lé bùbá funfun, tó ń wo igbó tó ń sá kọjá lójú fèrèsé. "Igbó yìí mọ́ jù," ó ní. "Níbo ni ẹran máa sá pamọ́ sí?" Mo ní bóyá àwọn ẹran ibí kì í sá pamọ́, wọ́n ti lọ forúkọ àdírẹ́sì sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba, ní Bürgeramt. Kò rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà kò rẹ́rìn-ín. Àwàdà tí n kò bá rí ẹni bá mi rẹ́rìn-ín sí, mo máa ń dá a rín fúnra mi ni.

Bàbá ọkọ jẹ́ ọkùnrin gíga kan tó ti fẹ̀yìn tì. Kireeni ló fi ń gbé kọ̀nténà ní Hafen, èbúté ọkọ̀ ojú omi wọn, nígbà tó ń ṣiṣẹ́. Kò mọ ọ̀rọ̀ sọ púpọ̀, ó sì ti gbọ́ lẹ́nu ọmọ rẹ̀ pé ọmọ ọdẹ ni àna òun, ni inú rẹ̀ bá dùn pé ọ̀rọ̀ tí òun mọ̀ dé. Ló bá ránṣẹ́ pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì tí wọ́n jọ ń ṣọdẹ, ọ̀kan sanra, ọ̀kan tín-ín-rín bí igi ìṣáná. Àwa wá fún ọ̀rọ̀ ọmọ, òun pe ẹgbẹ́ ọdẹ jọ. A kò tíì jókòó dáadáa tó fi ṣí kọ́bọ́ọ̀dù onírin kan, tó gbé ìbọn kan jáde, tó ń fi ọwọ́ pa á lára bí ẹni ń pa ológbò lára.

Ẹ̀gbọ́n mi na ọwọ́ méjèèjì láti gbà á. Ọkùnrin náà fa ìbọn sẹ́yìn.

O gbọ́ ìyẹn? Nílé wa, ọdẹ tó bá wá kí ọdẹ, ìbọn ni wọ́n ń gbé lé e lọ́wọ́ kí wọ́n tó bu omi fún un. Ìbọn tí wọ́n bá fà sẹ́yìn, ojúlówó ìkórìíra ni. Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi dúró lófuurufú. Ọmọ rẹ̀ di ọwọ́ mi mú lábẹ́ tábìlì. Ojú ọkùnrin náà pọ́n bíi tòmátì, ó ní òfin ilẹ̀ yìí kò jẹ́ kí ẹni tí kò ní ìwé àṣẹ ọdẹ fọwọ́ kan ìbọn, pé ìjọba lè gba ìwé àṣẹ tòun, kó máà bínú. Mo yára túmọ̀ rẹ̀, mo fi tèmi kún un: "Ẹ̀gbọ́n, òfin ni o, kì í ṣe ìwọ̀sí. Èmi náà, bàbá wa ò jẹ́ kí n fọwọ́ kan tiẹ̀ rí títí tó fi kú, mi ò sì kú." Ó fi imú rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì sọ ọwọ́ kalẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọta ìbọn ló wá tú ìjókòó náà sílẹ̀. Ẹni tó sanra ní kò sí ohun tó dà bí òjé, pé tó bá wọnú ẹran, ńṣe ló ń là bí òdòdó, ẹran ò ní mọ ohun tó ṣe é. Ẹni tín-ín-rín ní májèlé ni òjé, pé ẹyẹ idì tó bá jẹ ìfun tí ọdẹ fi sílẹ̀ nígbó, òun náà yóò kú, pé bàbà pupa ni kí gbogbo ayé máa yìn. Ẹni tó sanra ní bàbà a máa la ẹran kọjá bí abẹ́rẹ́, ẹran á sì máa sá lọ. Wọ́n ń pariwo mọ́ ara wọn bí àwọn àlùfáà tó ń jiyàn lórí oṣù ààwẹ̀. Wọ́n ní kí ẹ̀gbọ́n mi dá sí i. Ó ní, "Ṣakabùlà ni bàbá mi ń yìn. Ohun tó bá rí ló ń kì sínú ẹ̀, ìṣó, irin kẹ̀kẹ́. Ẹran tó bá bà, kò dúró béèrè pé irin wo ni." Nígbà tí mo túmọ̀ rẹ̀, ẹni tó sanra lu tábìlì. Ẹ̀gbọ́n mi wá tọ́ka sí awò gígùn tó wà lórí ìbọn. "Pẹ̀lú ìyẹn, ẹ ó máa rí ẹran, ẹran ò ní rí yín. Ṣé ọdẹ nìyẹn, àbí amí?" Bàbá ọkọ pàápàá rẹ́rìn-ín, mo sì ń rò ó lọ́kàn pé ọmọ yìí ti rí ọkọ fẹ́.

Wàhálà dé láti inú aṣálẹ̀. Ẹni tín-ín-rín yìí ní ẹbí kan ní Nàmíbíà tó ní oko ńlá létí aṣálẹ̀, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ti lọ síbẹ̀ rí. Ó ní ẹṣin wà níbẹ̀ tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni, pé ẹṣin àwọn ológun ayé àtijọ́ ló já, tó bí ọmọ, tí ọmọ bí ọmọ, tí wọ́n fi di ẹran igbó. Ọ̀dá dá, koríko tán, ìkookò wá ń kó ọmọ ẹṣin jẹ. Kí ni kí èèyàn ṣe? Ẹni tó sanra ní kí wọ́n yìnbọn pa ìkookò. Ẹni tín-ín-rín ní rárá, ìkookò ló ni ilẹ̀, ẹṣin ni àlejò, ẹṣin ni kí wọ́n dín kù. Ìyá ilé yọjú láti ilé ìdáná, ó ní kí wọ́n gbé omi àti koríko lọ fún wọn, kí wọ́n sì fi ìbọn sílé. Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ti ń tẹ́tí láti ìgbà náà, èmi sì ń túmọ̀ lọ ní ẹsẹẹsẹ. Ó ní, "Bá mi bi í: àlejò tó ti bímọ, tí ọmọ ẹ̀ ti bímọ, ìgbà wo ló máa di onílé?" Mo túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Ẹni tín-ín-rín ha orí rẹ̀, ó wojú mi, ó wojú ọmọ wa tí wọ́n bí ní Berlin, ó sì wá ẹni tó máa gbà á sílẹ̀. Ló bá nàka sí bàbá ọkọ. "Ẹ bi òun náà léèrè! Òun náà yìnbọn pa ẹṣin kan níbẹ̀."

Jẹ́ kí n sọ ìdí tí n kò fi yára túmọ̀ ìyẹn. Ọdẹ ilé wa kì í yìnbọn sí ẹṣin. Ẹṣin ló gbé baba ńlá wa kúrò lójú ogun, ìtàn náà gùn, àmọ́ èèwọ̀ ni títí dòní. Ọmọkùnrin ilé náà, tó jókòó ti ẹni tín-ín-rín, mọ̀, ọmọ wa ti sọ fún un. Mo rí bó ṣe fi ẹsẹ̀ tẹ ẹni tín-ín-rín mọ́lẹ̀ lábẹ́ tábìlì, nígbà tó ti pẹ́ jù. "Tante, bitte, ẹ jọ̀ọ́," ni ọmọ wa ń sọ sí mi létí, pé kí n má túmọ̀ rẹ̀. Mo ti ń ṣètò irọ́ kékeré kan tó mọ́ tónítóní nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ní, "Má da ara ẹ láàmú. Ọ̀rọ̀ ìbọn àti ẹṣin, mo gbọ́ ọ." Ó kọjú sí àna rẹ̀. "Bi í pé ìbọn mélòó ló yìn."

Ẹni tó sanra ti ń dáhùn fún un pé ọ̀kan péré ni, pé ẹranko náà kò tilẹ̀ jìyà. Bàbá ọkọ gbé ọwọ́ sókè, ó dá a dúró. "Méjì," ó ní.

Ó sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, mo sì ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn pẹ̀lú Yorùbá. Ó ní abo ẹṣin kan ni, ìkookò ti ya á lẹ́sẹ̀, olóko náà sì ní kí òun fi òpin sí ìyà rẹ̀. Ìbọn àkọ́kọ́ bà á níbi tí kò yẹ, ó sì sá wọnú aṣálẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ mẹ́ta. Oòrùn ti dé àtàrí, omi inú ọkọ̀ ti ń tán lọ, àwọn ọ̀rẹ́ òun ní kí àwọn máa lọ, ìkookò á parí rẹ̀. Ó ní òun bọ́ sílẹ̀. Òun ń wo ẹ̀jẹ̀ lórí òkúta, níbi tí ẹ̀jẹ̀ bá ti pòórá òun á wo ibi tí yanrìn ti fọ́, títí òun fi bá a lábẹ́ igi ẹlẹ́gùn-ún kan. Kò sá mọ́. Òun yin èkejì, òun sì jókòó tì í títí àwọn ọ̀rẹ́ òun fi wá òun kàn. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjèèjì ń wo inú ife kọfí wọn.

"Kí ló dé tí ẹ ò bá wọn lọ?" ni ẹ̀gbọ́n mi béèrè.

Ọkùnrin náà gbé èjìká. "Èmi ni mo dá a lọ́gbẹ́. Ta ni kó wá bá mi parí ẹ?"

Ẹ̀gbọ́n mi gbé ife rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó nàró lórí àga. Lẹ́yìn náà ló sọ̀rọ̀, ó sì ní kí n má fi iyọ̀ sí i. "Sọ fún un pé ohun tó pa yẹn, èèwọ̀ wa ni. A ò ní jẹ ẹran kankan lọ́wọ́ ẹ̀ títí ayé, kó má bínú. Ṣùgbọ́n ọmọ mi, kí ọmọ ẹ̀ máa mú un. Ẹni tí kò fi ohun tó dá lọ́gbẹ́ sílẹ̀ nínú oòrùn, ọmọ tó bí náà á ti rí i lára ẹ̀." Ọmọ wa bú sẹ́kún, ó kúnlẹ̀ fún bàbá rẹ̀, ó dìde, ó tún lọ kúnlẹ̀ fún bàbá ọkọ, ìyẹn sì dúró bí igi, kò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe sí obìnrin tó bá kúnlẹ̀. Mo ní, "Ẹ fọwọ́ kan orí ẹ̀, kì í ṣe ìbọn, kò gba ìwé àṣẹ."

Nínú ọkọ̀ ojú irin tó ń gbé wa padà sí Berlin, ọmọ náà sùn lọ. Mo bi ẹ̀gbọ́n mi pé kí ló mú un béèrè iye ìbọn. Kò wojú mi. "Nígbà tí wọ́n wá tọrọ ẹ," ó ní, "èmi ni mo dúró gẹ́gẹ́ bíi bàbá. Mo béèrè ilé, mo béèrè iṣẹ́, mo béèrè ẹ̀sìn. Ó dáhùn gbogbo ẹ̀ dáadáa. Mi ò béèrè ohun tó máa ń ṣe tí nǹkan bá bàjẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀."

Ọkọ mi ló ń sọ, bàbá àwọn ọmọ mi, tó jáde nílé lẹ́yìn ìjà kan tí àwa méjèèjì jọ jẹ̀bi, tó wọ ọkọ̀ lọ, tí kò sì padà wá wo ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ń ṣẹ̀jẹ̀. Láti ìgbà tó ti lọ, ẹ̀gbọ́n mi kò dárúkọ rẹ̀ sí mi létí rí. Mo ti gbà lọ́kàn mi pé èmi ló ń dá lẹ́bi, pé mi ò mọ ọkọ tọ́jú. Mo wá àwàdà tí màá fi gba ẹnu ara mi lọ́jọ́ yẹn, n kò rí. Mo kàn ń wo igbó.

Ọjọ́ Sátidé ọ̀sẹ̀ kejì ló tó yé mi tán. Láti ìgbà tí ọkọ mi ti lọ ni ẹ̀gbọ́n mi ti ń wá sí ọ́fíìsì mi ní gbogbo Sátidé. Á wọlé, á bi mí bóyá mo ti jẹun, á yẹ okùn tí mo fi di ẹrù wò, á ní kò le tó, á tún un dì, á sì máa lọ. Mo máa ń sọ fún àwọn oníbàárà pé ọlọ́pàá mi ti dé. Mo rò pé ṣíṣọ́ ló ń ṣọ́ mi. Òun ló fa ọwọ́ mi lé ọkùnrin yẹn lọ́wọ́. Ọgbẹ́ mi ló ń wá wò. Kò wọ ọkọ̀ lọ.

Ó ṣì ń wá. Okùn mi kò sì tíì le tó lójú rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n n kì í bi í mọ́ pé kí ló tún gbé yín dé. Mo máa ń fa àga fún un, mo sì máa ń fi okùn kan sílẹ̀ láìdì.